Ẹ̀yin tí ẹ ń ya nǹkan tí ẹ ò ní tà, kí lẹ ń rí níbẹ̀?

Aláwòrán_Ọwọ́ béèrè pé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mo ní kí n gbé e síwájú yín.

Mo máa ń ya ọwọ́ èèyàn. Mi ò kì í ya ojú, mi ò kì í ya gbogbo ara. Ọwọ́ nìkan. Ìwé kékeré tó wọ àpò àti pẹ́ńsùlù kan péré ni irinṣẹ́ mi. Bí mo bá wà nínú ọkọ̀, tàbí tí mo ń dúró de dókítà, tàbí tí ìpàdé ibi iṣẹ́ bá ti ń gùn jù, màá wo ọwọ́ ẹni tó jókòó kọjú sí mi, màá sì yà á. Ọwọ́ tó di fóònù mú. Ọwọ́ arúgbó tí iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ síta. Ọwọ́ ẹni tó ń purọ́, tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìka tí mo bá yà ló máa ń gùn dọ́gba, tí wọ́n á tò síbẹ̀ gbọnrangandan. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni mo tó rí i pé àtàǹpàkò kì í kọjú síbi tí àwọn ìka yòókù kọjú sí.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá ṣí ìwé náà. Ó ní, "Owó mà lo jókòó lé lórí yìí!" Ó ní kí n ṣí ojú ìwé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n máa gbé e síbẹ̀, kí n máa gbaṣẹ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti mú pẹ́ńsùlù báyìí, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan dúró sí ẹ̀yìn mi. Mi ò tíì fa ìlà kejì tí mo ti ń rò ó bóyá àwọn èèyàn á fẹ́ràn rẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé: ẹ̀yin tí ẹ ń yàwòrán, tí ẹ ń kọ̀wé, tí ẹ ń kọrin, tí ẹ ò tà á, tí ẹ̀yin kan ò tiẹ̀ fi han ẹnikẹ́ni, kí lẹ ń rí níbẹ̀ gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé inú yín ń dùn. Inú tèmi náà ń dùn. Kí ló ń mú un dùn? Àbí àkókò la kàn ń fi ṣòfò, tí a wá fi orúkọ tó dáa bò ó?

OníGìtáAlẹ́ fèsì:

Ìwọ náà ti dá ara rẹ lóhùn o. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ ni àtàǹpàkò ti wà lọ́wọ́ rẹ, o fi ń jẹun, o fi ń tẹ fóònù, o ò sì mọ ibi tó kọjú sí àfi ìgbà tó o jókòó yà á. Ta ló fẹ́ san irú owó yẹn fún ọ?

Èmi, gìtá ni. Mo lè máa ta okùn mẹ́ta kan náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí n máa yí i síwá sẹ́yìn, kò sí ẹni tó máa ní kí n bọ́ sórí orin mìíràn. Mi ò mọ gìtá ta o, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn. Ará ilé mi á jẹ́rìí sí i.

Ti títà yẹn, má gbọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ. Bí iṣu ẹni bá ta, ńṣe là á fọwọ́ bò ó jẹ. Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ ti fi àwọn ọmọdé dán an wò: bí wọ́n bá ti fún wọn ní ẹ̀bùn torí àwòrán tí wọ́n yà, ìfẹ́ àwòrán á kúrò lọ́kàn wọn. Bí owó bá ti wọ̀ ọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bàbá_Agbẹ́gi fèsì:

Mi ò mọ ọjọ́ orí rẹ, àmọ́ jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní àbúrò. Mo ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́, àwọn tó dàgbà jù mí lọ kò sì pọ̀ níbí.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé owó ni mo fi jẹun. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, wàá mọ ìdí tí mo fi ń gbẹ́ igi. Wọ́n á kó ìwé dé, màá yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, màá fọwọ́ sí i, á kúrò níwájú mi. Mi ò dé ibi tó ti wá, mi ò sì mọ ibi tó ń lọ. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀. Ìgbà tí nǹkan kan bá dín níbẹ̀ ni wọ́n ń rántí orúkọ mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe é, mo sì ṣe é dáadáa, síbẹ̀ kò sí ohun kan tí mo lè gbé sórí tábìlì kí n ní, "Wò ó, èmi ni mo ṣe èyí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wá ń mú ọ̀bẹ. Mo kọ́kọ́ gbájú mọ́ ṣíbí, lẹ́yìn náà mo bọ́ sórí àwọn ẹyẹ kéékèèké. Ṣíbí onígi kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Àmọ́ èmi ni mo yan igi rẹ̀, èmi ni mo fàlà sí i, èmi ni mo gbẹ́ inú rẹ̀, èmi ni mo fi sáńpépà bó o títí tó fi dán, èmi náà ni mo sì sọ pé ó tó. Àbúrò, ẹni tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń sọ fún un pé ó tó tàbí kò tó láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé nìkan ló lè mọ bó ṣe máa ń rí lára téèyàn bá fúnra rẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Igi náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ìyẹn sì ni mo gbádùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ara igi ní ìlà. Bí o bá gbẹ́ ẹ síbi tí ìlà náà ń lọ, ọ̀bẹ á máa lọ geere, èérún rẹ̀ á máa ká bọ́ sílẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́. Bí o bá gbẹ́ ẹ lòdì sí i, ojú ẹsẹ̀ ni igi á ya, tàbí kí ọ̀bẹ há. Kò kọ lẹ́tà sí ọ, kò dúró di ìparí ọdún kó tó sọ pé o ṣe dáadáa tàbí o ò ṣe dáadáa. Ní ibi tí inú ṣíbí ti tẹ̀, ìlà náà máa ń yí padà láàárín, ìwọ náà sì gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà, kí o ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbẹ́ ẹ wá sí ìsàlẹ̀. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ ìyẹn kí orí mi tó mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, mi ò lè jókòó sórí àga kí n má wo apá rẹ̀, bóyá ẹni tó kàn án ro ti ìlà igi tàbí kò rò ó. Ìyàwó mi ti ní kí n yéé fọwọ́ pa ilẹ̀kùn ilé onílé.

Ohun tí OníGìtá sọ nípa àtàǹpàkò, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ á yàtọ̀. Mi ò ní kí ojú rẹ̀ dáa ju ti ẹlòmíì lọ o, mo ní á yàtọ̀.

Má gba ẹni tó bá sọ fún ọ pé adùn ni gbogbo rẹ̀ gbọ́ o. Sáńpépà máa ń sú mi. Ìrọ̀lẹ́ mìíràn á wà tí igi, ọ̀bẹ àti èmi kò ní gbọ́ ara wa yé rárá. Mo ní agbọ̀n kan tí mo ń kó àwọn tí mi ò parí sí: ẹyẹ tí kò ní ìrù, ṣíbí tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín jù, nǹkan kan tó yẹ kó jẹ́ ehoro. Níbi iṣẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí nǹkan wà láìparí. Ní ìdí igi, kò sí ẹni tó ní kí n wá ṣàlàyé. Mo lè padà sí ehoro náà lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì lè má padà sí i mọ́ láé. Owó kò lè ra irú òmìnira bẹ́ẹ̀, torí pé bí ẹnì kan bá ti sanwó, ó ti ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ehoro rẹ̀.

O ní kí a má kàn sọ pé inú wa ń dùn. Ó dáa. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó dá lé irú ọ̀rọ̀ yìí. Àgbàlagbà 39 ni wọ́n kó jọ, wọ́n fún wọn ní amọ̀, pẹ́ẹ̀nì aláwọ̀ àti bébà tí wọ́n lè gé lẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n ṣe ohun tó bá wù wọ́n fún ìṣẹ́jú 45. Wọ́n gba itọ́ ẹnu wọn ṣáájú, wọ́n tún gbà á lẹ́yìn, kí wọ́n lè wọn cortisol, ìyẹn èròjà tí ara máa ń tú jáde tí wàhálà bá dé bá a. Nínú èèyàn mẹ́rin, nǹkan bíi mẹ́ta ni tiwọn lọ sílẹ̀. Ohun tó wá dùn mọ́ mi nínú jù ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ara kò bìkítà bóyá ehoro rẹ jọ ehoro. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ẹnì kẹrin yẹn, tí tirẹ̀ kò lọ sílẹ̀. Kì í ṣe oògùn gbogbo ènìyàn.

Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀, ará Rọ́ṣíà, Alexander Borodin. Onímọ̀ kẹ́míkà ni, ó sì ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun nìyẹn. Orin ló ń fi àyè tó ṣẹ́ kù ṣe, àyè náà ò sì tó nǹkan, débi pé ìgbà tí ara rẹ̀ ò bá yá, tí kò lè lọ kọ́ni, ló máa ń rí orin kọ. Òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣàwàdà pé àwọn ọ̀rẹ́ òun kì í gbàdúrà ìlera fún òun, àìsàn ni wọ́n ń tọrọ. Ó bẹ̀rẹ̀ orin eré orí ìtàgé kan ní 1869, kò tíì parí rẹ̀ nígbà tó kú ní 1887. Àwọn olórin méjì, Rimsky-Korsakov àti Glazunov, ló bá a parí rẹ̀. Àwọn kan máa ń káàánú rẹ̀ pé ọdún méjìdínlógún kò tó o. Èmi ò káàánú rẹ̀ rárá. Ọdún méjìdínlógún ló fi ní nǹkan tó ń wù ú láti padà sí.

Afọ̀tò fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ fífi nǹkan han èèyàn, torí ó dà bíi pé ẹ ti pò ó mọ́ títà, wọn ò sì jọra.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa fọ́tò á ti gbọ́ orúkọ Vivian Maier. Ọmọ ló ń bá àwọn ìdílé tọ́jú ní Chicago. Nígbà tó bá jáde, pẹ̀lú àwọn ọmọ náà tàbí láìsí wọn, kámẹ́rà máa ń wà lọ́rùn rẹ̀. Àwòrán tó yà lé ní 100,000, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó rí i. Ó tiẹ̀ fi ọ̀pọ̀ fíìmù sílẹ̀ tí kò fọ̀ rárá, tó túmọ̀ sí pé òun fúnra rẹ̀ kò rí àwòrán náà. Ní 2007, nígbà tí kò rí owó ibi tó kó ẹrù rẹ̀ sí san mọ́, wọ́n lu ẹrù náà ní gbàǹjo, ibẹ̀ ni àwọn ẹlòmíì ti bá àwọn àwòrán pàdé. Ó kú ní 2009, kí òkìkí rẹ̀ tó kàn.

Àwọn kan máa ń fi obìnrin yìí ṣe àpẹẹrẹ pé ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò olùwòran. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ owó fíìmù fífọ̀ ni kò sí. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá tẹ kámẹ́rà tó bẹ́ẹ̀, ohun kan ń bẹ nínú títẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Èmi ń ya òjìji lára ògiri. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń fi hàn, òun náà ń ya fèrèsé. A kì í yin ara wa. Á kàn ní, "Apá òsì ti mọ́lẹ̀ jù," màá ní, "Mo rí i." Ìyẹn tó mi. Aláwòrán, wá ẹnì kan bẹ́ẹ̀ dípò ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí òun náà ń ṣe é, tí kò sì ní nǹkan kan rà lọ́wọ́ rẹ.

Asínlẹ̀kẹ̀ fèsì:

Ẹ̀yin bọ̀dá OníGìtá, ẹ má bínú sí mi o, ìlàjì ìwádìí yẹn lẹ sọ.

Mo mọ̀ ọ́n, torí èmi ń tajà, gbogbo èèyàn ló sì ń fi í halẹ̀ mọ́ mi. 1973 ni Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, tó ti fẹ́ràn àwòrán yíyà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò. Wọ́n ṣèlérí fún apá kan nínú wọn pé tí wọ́n bá yàwòrán, wọ́n á gba ìwé ẹ̀yẹ tó ní rìbọ́ọ̀nù. Wọn ò sọ nǹkan kan fún apá kejì, ìgbà tí wọ́n yà á tán ni wọ́n ṣàdédé gbé ìwé ẹ̀yẹ kan náà fún wọn. Apá kẹta kò retí ẹ̀bùn, wọn ò sì gbà á. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n kó pẹ́ẹ̀nì aláwọ̀ tí àwọn ọmọ náà fi yàwòrán síta níbi ìṣeré, wọ́n wá ń wo ọmọ tí yóò lọ mú un fúnra rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún nìkan ni ìfẹ́ wọn dín kù. Nǹkan bí ìdajì àkókò tí àwọn yòókù lò nídìí àwòrán ni tiwọn. Àwọn tó gba ẹ̀bùn lójijì ńkọ́? Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n ń yàwòrán wọn lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀bùn ló ba nǹkan jẹ́, ìlérí tó ti ṣáájú ni. Ẹ jẹ́ ká wá wo Aláwòrán: kò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ìlérí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Èmi ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tà, ó sì tún ń wù mí ṣe. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo ní àpótí méjì. Ti oníbàárà, àwọ̀ tí oníbàárà yàn ni mo ń lò, ọjọ́ tó dá ni mo sì ń parí rẹ̀. Àpótí kejì, tèmi ni. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń fi àwọ̀ ewé mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ tó rí wúruwùru, tí èèyàn gidi kan ò ní fi sọ́rùn. Ẹ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀nà tí mo ń gbà sín ìlẹ̀kẹ̀ ní ìlà méjì tó gba inú ara wọn kọjá, èyí tí gbogbo oníbàárà mi ń béèrè báyìí, inú àpótí wúruwùru yẹn ni mo ti rí i. Mi ò wá a lọ síbẹ̀ o. Ká ní torí àtirí ohun tuntun tà ni mo ṣe wọ ibẹ̀, mo dá ara mi lójú pé mi ò ní rí i.

OníGìtáAlẹ́ fèsì:

Ó dáa, mo gbà. Mo ti ń fi ìlàjì ìwádìí yẹn ṣẹ́gun nínú àríyànjiyàn látọjọ́ yìí, ẹ ò ṣe mí dáadáa.

Aláwòrán_Ọwọ́ fèsì:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ ìlérí yẹn bá mi lára mu, ẹ̀yin àǹtí Asínlẹ̀kẹ̀. Mo ti ń bínú sí ọ̀rẹ́ mi bíi pé ó jí nǹkan mi, ẹ̀rù sì ń bà mí láti sọ fún un.

Mo ń ronú lórí ohun tí Bàbá sọ, pé ẹni tó bá sanwó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ehoro rẹ̀. Mo wo ìwé mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọwọ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni mi ò yà tán, torí ẹni tó ni ín sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí n tó débi èékánná. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọwọ́, á fẹ́ èékánná. Mi ò rò pé mo ṣe tán fún ìyẹn.

Ìbéèrè méjì ló kù. Kí ni kí n sọ fún ọ̀rẹ́ mi tí kò ní dùn ún? Èkejì, Bàbá, bí èèyàn bá fẹ́ gbẹ́ ọwọ́ lára igi, ṣé ó ṣeé ṣe fún ẹni tí kò mú ọ̀bẹ rí?

Bàbá_Agbẹ́gi fèsì:

Má sọ nǹkan kan fún un. Ya ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú èékánná, kó o já ojú ewé náà fún un. Tó bá ṣì ń sọ̀rọ̀ owó lẹ́yìn ìyẹn, sọ fún un pé o ṣì ń kọ́ṣẹ́. Irọ́ kọ́.

Ọwọ́ gbígbẹ́ nira, mi ò ní tàn ọ́. Ìka máa ń ṣẹ́, torí pé ìlà igi kì í tẹ̀ lé ìka márààrún lẹ́ẹ̀kan náà. Fi ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tó dì. Kò sí ohun tó yọ síta níbẹ̀ tó máa tètè ṣẹ́. Wá igi tó rọ̀. Igi tútù rọ̀ lọ́bẹ ju èyí tó ti gbẹ lọ, àmọ́ ó lè sán tó bá ń yára gbẹ, nítorí náà tó o bá fẹ́ dáwọ́ dúró, wé e sínú ọ̀rá di ọjọ́ kejì. Ọ̀bẹ kékeré ni kó o lò, kó o sì máa pọ́n ọn lóòrèkóòrè. Èyí tí kò mú ló ń ṣeni léṣe jù, torí wàá fi agbára tì í, á sì yọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn sí ọwọ́ tó di igi mú, má sì jẹ́ kí àtàǹpàkò rẹ wà níwájú ojú ọ̀bẹ.